Irùngbọ̀n Oddvar àti Afẹ́fẹ́ Tí Kò Ní Àbùlà

Ọdún méjìlá gbáko ni Oddvar Tveitane fi irùngbọ̀n bo ètè rẹ̀. Ohun tó ń bò kì í ṣe àpá, kì í ṣe egbò. Ìbẹ̀rù ni.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Ìwé kẹsàn-án ló kà dé kó tó wọ ọkọ̀ apẹja, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn ju ti inú omi lọ, títí wọ́n fi gbà á sí Skarvnes, ilé ìdánwò kan tó wà létí òkun, níbi tí òjò ti máa ń rọ̀ bí ẹni pé ó ní àdéhùn pẹ̀lú wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kó máa jókòó nínú àgbá irin. Àgbá náà tó yàrá kékeré kan, ó ní fèrèsé dígí roboto mẹ́rin, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì nípọn bí ìdí igi. Wọ́n á ti ènìyàn mọ́ inú rẹ̀, wọ́n á máa fún afẹ́fẹ́ sí i títí ara á fi rò pé òun wà nísàlẹ̀ omi ní mítà méjìdínlógún. Nígbà náà ni ẹni tí wọ́n ń dán wò á de ìbòmú mọ́ ojú, ìbòmú tó mọ́ gaara bí gíláàsì, tó ní rọ́bà létí, á wá máa mí ọ́síjìn gidi, èyí tí kò ní àbùlà kankan. Oddvar kì í de ìbòmú ní tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú àgbá ló ń mí. Ó kàn ń wo ojú ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ni.

Ètè gan-an ló ń wò. Ọ́síjìn dára, òun la fi wà láàyè, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ lápọ̀jù, iṣan ara a máa ya wèrè. Ètè òkè ló máa ń kọ́kọ́ gbọ̀n, pì-pì-pì, bí awọ ẹṣin tí eṣinṣin bà lé. Lẹ́yìn náà etí á máa hó, ojú á máa ṣú. Bí wọn ò bá tètè já ìbòmú kúrò, gìrì á gbé onítọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ òfin sára ògiri: ẹni tó bá rí àmì lára, kó gbọ́wọ́ sókè.

Lọ́dọọdún, nínú oṣù kọkànlá, gbogbo òṣìṣẹ́ inú àgbá ló máa ń jókòó sórí àga ìdánwò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá gbọ́wọ́ sókè, ó ti bọ́ lọ́wọ́ àgbá nìyẹn. Ìdí táwẹ́lì tí àwọn ará inú àgbá fi ń nu òógùn ni wọ́n máa ń gbé e lọ, á máa fọ̀ ọ́, á máa ká a.

Ọdún tí Oddvar kọ́kọ́ débẹ̀, ojú rẹ̀ dán bí abọ́ tánganran. Ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, ètè rẹ̀ gbọ̀n. Ó mọ̀. Kò gbọ́wọ́ sókè. Ó fi eyín tẹ ètè náà mọ́lẹ̀ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fi pé, ẹni tó ń ṣọ́ ọ sì ń tú àpò rẹ̀ láti wá súìtì. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní ọkùnrin ni. Ó délé, kò fá irùngbọ̀n mọ́ láti ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ètè rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ dé, ètè ò gbọ̀n. Èyí tó tẹ̀ lé e, kò gbọ̀n. Oddvar rò pé Ọlọ́run ti dárí ji òun, tàbí pé Ó ti gbàgbé.

Irùngbọ̀n rẹ̀ ò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní Skarvnes. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ àsè Kérésìmesì, kò sí ọkùnrin kan níbẹ̀ tí abẹ ń kàn lójú. Ìdíje ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù lọ ní ọjọ́ àsè, òun ló ń gbé odindi itan àgùntàn gbígbẹ lọ sílé. Wọ́n á ti lẹ ìwé orúkọ àwọn olùdíje mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àgbá, wọ́n á máa fi rúlà wọn ara wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀rọ̀ náà á sì le ju ọ̀rọ̀ ìbò lọ.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Eilert, ọ̀gá wọn, mú ìwádìí tuntun dé. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá iṣan ara obìnrin àti ti ọkùnrin ń gba ọ́síjìn bákan náà. Ẹni àgbà ni Eilert, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí ìfófò òkun. Kì í wọnú àgbá. Ìta ló ń jókòó sí, níwájú ẹ̀rọ tó ń ya ìlà bí ọkàn ṣe ń lù, ó sì gba ìlà náà gbọ́ ju bó ṣe gba ènìyàn gbọ́ lọ.

Ìdánwò ń lọ. Nínú ọkùnrin mẹ́sàn-án, kò sí ẹyọ kan tó gbọ́wọ́ sókè. Nínú obìnrin márùn-ún, mẹ́rin gbọ́wọ́ sókè. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà ni Solrun Haukland, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, nọ́ọ̀sì tó tún mọ omi í wẹ̀ bí ẹja, tí òun àti Oddvar jọ ń pín iṣẹ́ olùṣọ́ inú àgbá. Wọ́n ní kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ ná títí di ọjọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni Eilert máa fọwọ́ sí ìwé pé kò sí obìnrin tó gbọ́dọ̀ wọnú àgbá mọ́.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà ni Oddvar fi ojú ara rẹ̀ rí ohun kan. Kolbein, ẹni tó ti gba itan àgùntàn lẹ́ẹ̀mẹta, fẹ́ tún ìdánwò tirẹ̀ ṣe nítorí pé inú rẹ̀ ń dùn sí bó ṣe borí. Ó de ìbòmú lé irùngbọ̀n tó kan àyà. Oddvar jókòó síwájú rẹ̀, ó ń wò ó. Bí Kolbein bá mí sínú, irun tó wà létí rọ́bà á wọlé rẹrẹ bí koríko òkun nígbà tí ìgbì bá ń fà. Bó bá mí síta, irun á jáde rẹrẹ. Oddvar na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kolbein, ó ṣe bí ẹni ń tún okùn ìbòmú ṣe. Afẹ́fẹ́ tútù ń sá gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Afẹ́fẹ́ inú àgbá ni. Àbùlà.

Kolbein ò mí ọ́síjìn gidi, bí ẹni tó ń mu ẹmu tí wọ́n ti bu omi là tó wá ń fọ́nnu pé ọtí kì í pa òun ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọkùnrin yòókù. Àwọn obìnrin tí ojú wọn dán nìkan ni rọ́bà lẹ̀ mọ́ dáadáa, àwọn nìkan ni wọ́n mu ún lógidì. Oddvar wá mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pé Ọlọ́run ò dárí nǹkan kan ji òun. Irun lásán ni.

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, òun àti Solrun jókòó ní ìdí fèrèsé, oníkálukú tú búrẹ́dì rẹ̀ nínú bébà. Wàràkàṣì pupa rúsúrúsú ni ti Oddvar, bó ṣe rí lójoojúmọ́.

"Ẹ ti ń wò mí láti àárọ̀ bí ológbò tó jí ẹja jẹ," Solrun ní. "Kí ni mo fi ṣe yín, bàbá?"

"Kò sí."

"Kò sí náà lẹ ń wí láti ìgbà tí mo ti débí. Bí ilé bá ń jó, kò sí lẹ máa sọ fún panápaná."

Oddvar jẹ búrẹ́dì. Ó gbé e mì. "Nígbà tí ètè ẹ gbọ̀n, kí ló dé tóo fi gbọ́wọ́ sókè?"

Solrun wò ó bí ẹni tó bi í léèrè ìdí tí omi fi tutù. "Ògiri ló ní kí n gbé e sókè. Bí tiyín bá gbọ̀n ńkọ́?"

"Tèmi ò gbọ̀n."

"Mo mọ̀. Iṣan ọkùnrin, okùn ìdákọ̀ró, bí ọ̀gá ṣe ń wí." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Wọ́n ti fi ìdí táwẹ́lì hàn mí. Ó dára. Ó ní fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri."

Ọ̀rọ̀ dé ètè Oddvar, irùngbọ̀n dí i lọ́nà. Ó ronú pé, bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á ní kí gbogbo ọkùnrin fá irùngbọ̀n, kí wọ́n sì tún ìdánwò ṣe. Bí wọ́n bá tún un ṣe, ètè òun á gbọ̀n. Bí ètè òun bá gbọ̀n, wọ́n á bi òun léèrè ọdún méjìlá. Ó ká bébà búrẹ́dì rẹ̀ sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Ní Skarvnes, wọn kì í lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìdín àkàrà pẹlẹbẹ fún un. Wọ́n dín in lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé jáàmù àti kọfí kalẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn àgbá, gbogbo wọn jókòó yíká. Eilert dìde.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "kò sí ẹni tó fẹ́ràn obìnrin tó mi. Ìyàwó mi obìnrin ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí ti sọ̀rọ̀. Iṣan ọkùnrin dà bí okùn àwọ̀n, iṣan obìnrin dà bí òwú ìránṣọ. Àwọn baba wa wà lójú òkun, wọ́n ń mí afẹ́fẹ́ líle. Àwọn ìyá wa wà nílé, nídìí èéfín. Ara ò gbàgbé."

"Ìyá mi ló ń wa ọkọ̀ bàbá mi," Solrun ní wẹ́rẹ́.

"Ìyẹn jẹ́ ẹnì kan péré," Eilert ní. "Ìwádìí kì í wo ẹnì kan. Nítorí ẹ̀mí yín la ṣe ń ṣe é, ọmọ mi. Jẹ àkàrà." Ó mú kálàmù jáde. "Kí n tó fọwọ́ sí i, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó gbọ́wọ́ sókè."

Òjò ń lu pánù. Ẹnì kan ń fi ṣíbí ro kọfí. Oddvar rí ọwọ́ kan tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó sùn. Ìgbà tó dé ìwọ̀n etí ló tó rí i pé ti òun ni.

"Oddvar, ilé ìyàgbẹ́ ni?" Kolbein bi í. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Irùngbọ̀n ni," Oddvar ní.

"Kí ló ṣe irùngbọ̀n?"

"Ó ń... afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Etí rọ́bà. Mo fọwọ́ kàn án. Ohun tí àwa ọkùnrin ń mí, ó ní àbùlà. Tàwọn obìnrin ò ní."

Eilert rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí a ń rín fún ọmọ tó ní òṣùpá ń tẹ̀ lé òun. "Oddvar, ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ là ń sọ."

"Mo mọ̀. Èmi ò kàwé. Ojú lásán ni mo fi ń wò."

Solrun ti dìde. Ó lọ sídìí ògiri, ó wo ìwé òfin tí ilé iṣẹ́ tó rọ ìbòmú fi ránṣẹ́. Ìkìíní, ìkejì, ìkẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ìdíje irùngbọ̀n ló kàn, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú kan náà lọ́dọọdún. Ó fi èékánná ká etí rẹ̀, ó fà á. Ti ọdún yìí já, ti èṣí já, ti ìdúnta já. Lábẹ́ gbogbo wọn ni ìkẹrin wà. Ó kà á fún wọn: "Fá irùngbọ̀n àti túbọ̀mu rẹ mọ́lẹ̀ kí o tó de ìbòmú. Bí irun bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ ìbòmú ti bàjẹ́."

Kolbein fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú.

"Ọdún wo ni wọ́n kọ ìyẹn?" ó bèèrè níkẹyìn.

"Bó ti wù kó pẹ́ tó, a lè gbé e yẹ̀ wò lẹ́yìn Kérésìmesì," ẹlòmíràn ní. Orí ọkùnrin mẹ́jọ mì pa pọ̀. Wọ́n ní ìwádìí ò gbọdọ̀ kánjú. Àwọn ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n ti fẹ́ lé obìnrin jáde kí kọfí tó tutù.

Eilert dé kálàmù rẹ̀. Inú rẹ̀ ò dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀. "Àbá lásán lèyí," ó ní. "N ò lè tìtorí àbá fá ojú ọkùnrin mẹ́sàn-án. Ẹnì kan ló máa kọ́kọ́ fá. Bó bá jókòó lọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú tí nǹkan kan ò ṣe é, ọ̀rọ̀ tán, màá fọwọ́ síwèé. Ta ni?"

Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi," Oddvar ní.

"Ó dára. Ìwé rẹ mọ́, ọdún méjìlá láìsí àbùkù. Ìwọ lo yẹ."

Lọ́jọ́ Sátidé, Turid, ìyàwó rẹ̀, gbé àga sí ìdí fèrèsé ilé ìdáná, ó fi sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé irun àgùntàn bẹ̀rẹ̀, ó fi abẹ parí rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó fà sẹ́yìn, ó wò ó.

"Ṣé ìwọ rèé?" ó ní. "Mo ti rò pé bàbá rẹ lò ń fi pamọ́ sábẹ́ ibẹ̀."

"Ó rí burúkú?"

"Kò burú. Ó kàn funfun bí ikùn ẹja." Ó gbá irun ilẹ̀ jọ. "Kí lò ń bẹ̀rù, bàbá Sindre? Ó ti pẹ́ tóo ti ń sùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wá mú."

Oddvar sọ fún un. Kò pẹ́ púpọ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Ohun tó ti ń gbé láti ọdún méjìlá, kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ.

Turid da irun náà sínú ààrò. "O ṣì ní eyín," ó ní. "O lè tẹ ètè náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ẹni tó máa mọ̀."

"Solrun ló máa wà níwájú mi."

"Á rí i?"

"Ó máa ń wò."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ti ilẹ̀kùn àgbá. Etí dún, ara gbóná bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀. Solrun jókòó níwájú Oddvar pẹ̀lú káàdì lórí orúnkún. Ojú àwọn ọkùnrin kún inú fèrèsé roboto mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irùngbọ̀n wọn lẹ̀ mọ́ dígí. Oddvar de ìbòmú. Rọ́bà lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ típẹ́típẹ́, ó tutù.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí nǹkan. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí nǹkan. Ìrètí burúkú kan wá sọ sí i lọ́kàn, pé bóyá ara òun ti le ní tòótọ́, pé bóyá òun á gba iṣẹ́ òun, kí Solrun máa lọ sídìí táwẹ́lì pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀. Ojú tì í fún ìrètí náà. Ìṣẹ́jú kẹrìndínlógún, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, ètè òkè gbọ̀n, pì-pì-pì, gẹ́lẹ́ bíi ti ọjọ́sí, bí ọ̀rẹ́ àtijọ́ tó kan ilẹ̀kùn.

Eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè lọ pàdé rẹ̀. Ó ti mọ ọ̀nà.

Solrun rí i. Ojú rẹ̀ wà lórí ètè náà. Kò kọ ohun kan sórí káàdì. Ó kàn ń wò ó, bí Oddvar náà ṣe ń wo àwọn ẹlòmíràn láti ọdún méjìlá.

Oddvar gbọ́wọ́ sókè.

Nígbà tó jáde, kò dúró kí wọ́n bi í. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. "Ọdún tí mo débí náà, ó gbọ̀n," ó ní. "Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo parọ́."

Eilert wo ìlà orí ẹ̀rọ rẹ̀, kò rí irọ́ níbẹ̀. "Ẹ̀rọ ò sọ fún mi," ó ní, ó sì dùn ún.

Bí Oddvar ṣe dé ìdí táwẹ́lì nítorí irọ́ rẹ̀ nìyẹn, Solrun sì wà nínú àgbá, nítorí Eilert ò fọwọ́ síwèé náà. Lẹ́yìn ìpàdé mẹ́ta, àwọn ọkùnrin yòókù fá irùngbọ̀n pẹ̀lú ẹkún. Nínú àwọn mẹ́jọ, márùn-ún gbọ́wọ́ sókè. Àwọn mẹ́ta kò gbé e, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá gba táwẹ́lì, Oddvar rí ojú eyín lára ètè wọn, títí kan ti Kolbein. Ó fún wọn ní táwẹ́lì, ó wò wọ́n, wọ́n sì tètè lọ. Lọ́jọ́ kejì, Kolbein padà wá, ó dúró, ó ń fọwọ́ pa ibi tí irun ti kúrò.

"Àyè wà nídìí ibí?" ó bèèrè.

"Àyè wà," Oddvar ní. "Kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká a."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọn má rí olùṣọ́ fún àgbá mọ́, Eilert ya òfin ọdọọdún náà. Ẹni tó bá gbọ́wọ́ sókè, kó sinmi, kó tún padà wọlé láti máa ṣọ́ni, nítorí olùṣọ́ kì í kúkú mí ọ́síjìn. Kò sí ẹni tó bèèrè ìdí tí wọn ò fi ronú èyí nígbà tó jẹ́ pé obìnrin nìkan ló ń gbọ́wọ́ sókè. Ó kọ ìwé tuntun: òun ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín iṣan ọkùnrin àti ti obìnrin nínú ìdánwò yìí, ṣùgbọ́n ohun ìyanu kan wà nínú irùngbọ̀n tó yẹ kí ìjọba ná owó lé lórí.

Ọjọ́ àsè Kérésìmesì dé. Ojú gbogbo ọkùnrin dán bí ọ̀dùnkún tí wọ́n bó, àfi ẹnì kan tí kì í wọnú àgbá. Eilert ló gbé itan àgùntàn lọ sílé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Oddvar ń mu kọfí nídìí fèrèsé, yìnyín ń bọ́ lóde. Òtútù gba abẹ́ fèrèsé wọlé, ètè òkè rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, láìsí àgbá, láìsí ọ́síjìn.

"Ètè ẹ ń jó," Turid ní.

Ọwọ́ rẹ̀ ti gòkè láti bò ó. Ó gbé e padà sídìí ife kọfí.

"Jẹ́ kó jó," ó ní.